Ṣé alájọ ń rẹ́ mi jẹ ni?

Ìbéèrè: Ata ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn. ₦1,000 ni mò ń dá fún alájọ lójúmọ́. Aládùúgbò mi ní alájọ ń rẹ́ mi jẹ, pé owó tí kò bímọ kì í ṣe owó ìpamọ́. Ó ní kí n kó o sí ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fúnni ní èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ṣé kí n kó o?

Ìdáhùn: Ẹ má kó o.

Inú ń bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí yín. Ó ti tó ẹni mẹ́rin tó bi mí ní irú ìbéèrè yìí lóṣù yìí nìkan. Ẹni tó sọ fún yín pé owó ìpamọ́ gbọ́dọ̀ bímọ ló ṣì yín lọ́nà.

Mo wo fọ́tò káàdì àjọ tí ẹ fi ránṣẹ́ dáadáa. Àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí rẹ̀. Bírò pupa ni alájọ fi sàmì sí ti àkọ́kọ́: tirẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá dá a pé, ₦31,000 lẹ dá, ₦30,000 lẹ ó kó. Ìyẹn kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ẹni tó ń wá bá yín ní ìsọ̀ lójoojúmọ́, lójò lẹ́ẹ̀rùn, owó ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ ń san. (Èsúsù yàtọ̀ o: ẹgbẹ́ ló ń dá tiẹ̀ jọ, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, á sì kan ẹlòmíràn. Àwọn èèyàn wa gbé e dé Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ di òní.)

Àpótí kejìlá àti ìkẹtàlá tó ṣófo ni mo tẹjú mọ́ jù. Ẹ ní ibà ń ṣe ọmọ yín, ẹ ò lè lọ sọ́jà, alájọ sì gbé ₦8,000 wá bá yín nílé lálẹ́, nínú ₦10,000 yín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ra oògùn. Ìfowópamọ́ nìyẹn: kí ẹ nawọ́, kí ẹ bá a. Alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ tí mò ń bá ṣírò owó. Kí a jẹ, kó ṣẹ́kù. Wọn ò fi ti èrè sí orúkọ rẹ̀.

Owó tó ń bímọ wà, owó òwò ni. Ata tí ẹ rà lè mówó wọlé, ó sì lè jẹrà. Tó bá wá jẹ́ pé owó oògùn ọmọ lẹ fi rà á ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín. Bí ₦30,000 bá ń fi ìdá 30 lé sí i lóṣooṣù, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ₦700,000 lọ́dún kan. Lọ́dún kejì, á ti lé ní mílíọ̀nù 16. Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀? Owó ẹni tó dé lónìí ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó dé lánàá. Ìdá 30 yìí gan-an ni MMM, ètò sogúndogójì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣèlérí. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2016, Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti owó àwọn èèyàn mọ́lé. CBEX, irú rẹ̀ mìíràn, tún ṣe tirẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. N'Íbàdàn níbí, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn.

Mi ò sọ pé àjọ kò léwu. Alájọ lè sá, ó lè kú, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni alájọ Ṣómólú. Ti bánkì ní onígbọ̀wọ́: láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, bí bánkì bá kógbá wọlé, NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dúró fún owó inú bánkì, á san owó yín padà títí dé mílíọ̀nù 5 náírà, ti bánkì maikirofáínáǹsì kò ju mílíọ̀nù 2 lọ. Òótọ́ sì ni pé ọjà ń gbówó lórí, ìdí nìyẹn tí a kì í fi gbogbo owó pamọ́.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ jẹ gbèsè. Bí ẹ bá jẹ, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa bá yín wo ìyẹn. Bí ẹ ò bá jẹ, ẹ máa bá àjọ yín lọ. Tí ẹ bá dá toṣù tó ń bọ̀ pé, tí ẹ sì kó ₦30,000 yín, ẹ gbé ₦20,000 lọ sí bánkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ tó dé ìsọ̀, kí ẹ fi ₦10,000 tó kù kún owó ata.