Ṣé Ọ̀dàlẹ̀ Ni Gagik?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Èmi àti àbúrò bàbá mi la jọ ń fa ọ̀rọ̀ kan ní Ṣágámù níbí. A gbọ́ pé ọba Àméníà ayé àtijọ́ kan, Gagik, gba adé lọ́wọ́ ọ̀tá kó lè bá arákùnrin ìyá rẹ̀ jà. Mo ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Wọ́n ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Ta ló jàre nínú wa? Ǹjẹ́ nǹkan kan ṣẹ́ kù tó fi sílẹ̀? — Òǹkàwé yín, Ṣágámù.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bá mi kí àbúrò bàbá rẹ. Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ka ìtàn àwọn ará Àméníà, ọ̀rọ̀ Gagik yìí kì í sì í tán nínú mi.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ti adé kúrò níbẹ̀. Gbígba adé lọ́wọ́ àjèjì kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀dàlẹ̀ nílẹ̀ wọn. Alágbára méjì ló há Àméníà sáàárín: kálífà, olórí àwọn Mùsùlùmí, ní Bàgídádì, àti ọba Róòmù Ìlà Oòrùn ní Constantinople. Nígbà tí Ashot, olórí ìdílé Bagratuni, jọba ní nǹkan bí ọdún 885, kálífà fi adé ránṣẹ́ sí i, ti Constantinople náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ó gba méjèèjì. Ìwà ọgbọ́n ni, mo sì yìn ín fún un. Smbat ọmọ rẹ̀, tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, gba ti Bàgídádì bákan náà.

Ọ̀rọ̀ ìlú ló dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ Ashot ni ìyá tó bí Gagik. Gagik ló ń ṣàkóso Vaspurakan, lápá adágún Van, ó sì gbà pé ìdílé òun ló ni Nakhchivan. Smbat yọ ìlú náà fún àwọn ìjòyè Syunik, ilẹ̀ Àméníà mìíràn. Gagik ní kó dá a padà, Smbat fàáké kọ́rí. Ibẹ̀ ni Yusuf, gómìnà Azerbaijan tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lórúkọ kálífà, ti ráyè wọlé. Inú ń bí òun náà, torí Smbat ti bẹ Bàgídádì pé kí wọ́n yọ òun kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ní 908, Yusuf dé Gagik ládé. Bí Àméníà ṣe di ọlọ́ba méjì nìyẹn.

Smbat rán Hovhannes, olórí ìjọ wọn pátápátá, pé kó gbé ẹ̀bùn lọ bẹ Yusuf. Yusuf gba ẹ̀bùn tán, ó ti ìránṣẹ́ Ọlọ́run mọ́lé. Hovhannes yìí kan náà ló wá kọ ìtàn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bọ́.

Ibi tí mo ti dá Gagik lẹ́bi rèé: kò mọ ní adé. Ó bá ọmọ ogun Yusuf jáde, wọ́n jọ kọjú ìjà sí ẹbí rẹ̀. Wọ́n mú Mushegh, ọmọ Smbat, lójú ogun, Yusuf sì fún un ní májèlé jẹ. Ọkàn Gagik wá gbọgbẹ́, ó kúrò lẹ́yìn Yusuf, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti bọ́ sórí. Ní 914, Yusuf dá Smbat lóró títí ó fi kú, ó sì gbé òkú rẹ̀ kọ́ sórí àgbélébùú ní Dvin, ìlú ńlá kan ní Àméníà. Àbúrò bàbá rẹ jàre lórí Nakhchivan. Lórí ogun, ìwọ lo jàre.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni Ṣọ́ọ̀ṣì Àgbélébùú Mímọ́, ní Aghtamar, erékùṣù kan nínú adágún Van. Manuel ló kọ́ ọ fún Gagik, láti 915 sí 921. Wọ́n gbẹ́ Jónà àti ẹja ńlá, àti Dáfídì òun Gòláyátì, sára òkúta ògiri ìta. Lápá ìwọ̀-oòrùn, Gagik fúnra rẹ̀ dúró, ó ń gbé àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì náà fún Jésù. Ẹ wo aṣọ ọrùn rẹ̀ dáadáa: iṣẹ́ ọnà róbótó róbótó, tí ẹyẹ wà nínú wọn, irú èyí tí àwọn ènìyàn ńlá máa ń wọ̀ láàfin kálífà. Ní Ìjẹ̀bú wa níbí, ẹni tó bá rí ìtagbè léjìká Òṣùgbó ti mọ ipò rẹ̀ kó tó lanu. Gagik náà fẹ́ kí aṣọ sọ ọ́ pé ọba lòun, àní níwájú Jésù.

Ìjọba rẹ̀ kò pẹ́ bíi ti ògiri yẹn. Ní 1021, Senekerim, ọmọ ìran rẹ̀, gbé Vaspurakan fún ọba Constantinople, ó sì gba ìlú Sebastia ní pàṣípààrọ̀. Ilẹ̀ Tọ́kì ni erékùṣù náà wà lónìí. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì náà bíi mùsíọ́ọ̀mù ní 2007, wọ́n sì tún ṣe ìsìn nínú rẹ̀ ní 2010.