HP 15 mi ò rí Wi-Fi àfi nítòsí ráútà lórí Linux Mint: ṣé káàdì rẹ̀ ti kú ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Parakin ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Mo ra HP 15 tòkunbọ̀ kan ní Lágere. Windows tó bá a wá ń falẹ̀ jù, ni àbúrò mi bá bá mi fi Linux Mint sí i. Gbogbo nǹkan ló ń ṣe dáadáa àfi Wi-Fi. Bí mo bá jókòó ti ráútà ní pálọ̀, á wọlé. Bí mo bá ṣe gbé e wọ yàrá báyìí, ó parí, orúkọ ráútà á pòórá. Bẹ́ẹ̀ fóònù mi ń gbé e dáadáa nínú yàrá kan náà. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní káàdì Wi-Fi rẹ̀ ti kú, kí n lọ ra Wi-Fi USB. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó. Káàdì tó ti kú ò ní rí ráútà rárá, kódà bí ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lé e lórí. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí tó wá ń kùnà lókèèrè, ọ̀rọ̀ èríálì ló sábà máa ń jẹ́, àwọn HP 15 kan sì wà tí a mọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú káàdì tó wà nínú tiyín. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí terminal (ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) ṣí, kí ẹ wá tẹ èyí:

lspci -nnk | grep -iA3 net

Nínú ohun tó bá jáde, ẹ wá ìlà tó ní "Network controller" nínú. Nọ́ńbà kan á wà lápá ìparí rẹ̀, bíi 10ec:b723. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó ṣe é: 10ec ni Realtek, 8086 ni Intel, 14e4 ni Broadcom, 168c ni Atheros. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ máa fi wá ìrànlọ́wọ́, ẹ má fi "HP 15" wá a, torí oríṣiríṣi káàdì ni HP kó sínú láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Bí ó bá jẹ́ 10ec:b723 ló jáde, RTL8723BE nìyẹn, òun gan-an ni mo sì fura sí. Ojú méjì ni wọ́n ti lè so wáyà èríálì mọ́ káàdì yìí. Nínú ọ̀pọ̀ HP tó lò ó, wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n so, ojú kejì ṣófo. Inú káàdì fúnra rẹ̀ ló yẹ kí driver (ètò tó ń darí káàdì náà) ti kà á pé ojú báyìí ni wáyà wà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í sábà bá ohun tí wọ́n so mu. Driver á wá máa tẹ́tí sí ojú tó ṣófo, ìwọ̀nba tó bá jò wọlé látara ráútà tó wà nítòsí nìkan ló máa gbọ́. Ó dà bí ẹni tó fi òwú dí etí: àfi kí èèyàn sún mọ́ ọn pariwo. Kò sí ohun tó ṣe káàdì náà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wọn agbára ìgbì náà, kí ẹ lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí ẹ ṣe mú un dára sí i. Ẹ wà níbi tó ti ń wọlé, kí ẹ tẹ iw dev kí ẹ rí orúkọ tí Mint sọ káàdì náà. Ó lè jẹ́ wlp2s0 tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Ẹ wá tẹ èyí, kí ẹ fi orúkọ tí ẹ rí dípò wlp2s0:

iw dev wlp2s0 link

Ẹ wo ìlà "signal". Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe sún mọ́ òdo ló ṣe dára tó. -50 dBm dára gan-an. -70 ṣì ṣeé lò, ṣùgbọ́n fídíò á máa dúró. Tó bá ti ń lọ sí -80, ẹ kàn ń fi agídí lò ó ni. Bí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà tí ẹ sì rí -75, ẹ̀rí tí mò ń wá nìyẹn.

Ẹ yọ driver náà, kí ẹ tún un kó wọlé pẹ̀lú àṣẹ pé ojú kejì ni kó lò:

sudo modprobe -r rtl8723be
sudo modprobe rtl8723be ant_sel=2

Páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń wọ kọ̀ǹpútà ló máa béèrè. Kò ní fi hàn lójú iboju pé ẹ ń tẹ nǹkan kan. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ tán, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ dúró díẹ̀ kó padà wọlé sórí ráútà, kí ẹ wá tún un wọ̀n níbi tí ẹ ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí ojú yẹn bá ni wáyà wà, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fura sí i. Bí ó bá burú sí i, ẹ tún àṣẹ méjèèjì ṣe, kí ẹ fi 1 dípò 2.

Bí ẹ bá pa láptọ́ọ̀pù, ó máa gbàgbé. Kó má baà gbàgbé, ẹ tẹ èyí sórí ìlà kan ṣoṣo (bó bá jẹ́ 1 ló dára fún yín, ẹ fi 1 dípò 2):

echo "options rtl8723be ant_sel=2 ips=0 fwlps=0" | sudo tee /etc/modprobe.d/rtl8723be.conf

Ẹ ṣọ́ra fún .conf tó wà ní ìparí orúkọ yẹn. Fáìlì tí kò bá ní in nínú àpò yẹn, Linux ò ní kà á, kò sì ní sọ fún yín pé òun ò kà á. ips=0 àti fwlps=0 ń sọ fún káàdì kó má máa sùn láti tọ́jú bátìrì.

Ẹni tí kò bá fẹ́ fi àṣẹ ṣe é lè ṣí ìdí láptọ́ọ̀pù, kó yọ bátìrì, kó sì gbé wáyà náà láti ojú kan sí èkejì. Èmi ò ní gbà yín níyànjú rẹ̀. Orí wáyà yẹn kéré ju orí ìṣó lọ, bí ẹ bá fa wáyà dípò kí ẹ gbá orí rẹ̀ mú, ó máa já.

Ohun kan tún lè yọjú lẹ́yìn èyí: Wi-Fi á ya nígbà tí láptọ́ọ̀pù wà lórí iná, á wá máa falẹ̀ bí NEPA bá ti mú iná lọ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ráútà náà ò bá iná lọ o. Bí ráútà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pé Mint ló ń tọ́jú bátìrì. Ẹ ṣí fáìlì yìí:

sudo nano /etc/NetworkManager/conf.d/default-wifi-powersave-on.conf

Ẹ sọ wifi.powersave = 3 di 2. Ẹ tẹ Ctrl àti O, kí ẹ tẹ Enter, lẹ́yìn náà Ctrl àti X. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tún un tàn.

Bí ó bá jẹ́ 14e4:4365 lẹ rí ńkọ́? BCM43142 ti Broadcom nìyẹn, àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀: kò ní rí orúkọ ráútà kankan rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní wọlé ní pálọ̀. Driver ni kò ní. Ẹ fi okùn USB so fóònù Android yín mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tan "USB tethering" lórí fóònù, Mint á gba dátà látibẹ̀ láìfi nǹkan kan kún un. Ẹ wá tẹ sudo apt update, lẹ́yìn náà sudo apt install broadcom-sta-dkms. Ibi tó ti ń dá àwọn èèyàn dúró ni Secure Boot, ààbò láptọ́ọ̀pù tí kì í jẹ́ kí driver tí kò mọ̀ wọlé. Bó bá wà ní títàn, ó máa ní kí ẹ yan páásíwọ́ọ̀dù kan, nígbà tí ẹ bá sì tún láptọ́ọ̀pù tàn, ojú aláwọ̀ búlúù kan á yọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré kọjá níbẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ yan "Enroll MOK", "Continue", "Yes", kí ẹ tẹ páásíwọ́ọ̀dù yẹn. Ẹni tó bá ti sáré kọjá, sudo modprobe wl á máa dá a lóhùn pé "Key was rejected by service". Kó tẹ sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der, kó tún un tàn, ojú búlúù náà á padà wá.

Bí Wi-Fi bá wọlé, tí àmì rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n tí gbogbo ojú ìwé tí ẹ ṣí ń sọ pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ò dára, ẹ wo ọjọ́ tí aago láptọ́ọ̀pù ń fi hàn. Nínú tòkunbọ̀, bátìrì kékeré tó ń tọ́jú aago ti sábà máa ń kú, CR2032 ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọjọ́ á padà sẹ́yìn ní ọdún mélòó kan, íntánẹ́ẹ̀tì á sì kọ̀. Ẹ tún ọjọ́ ṣe, kí ẹ pààrọ̀ bátìrì náà.

Hotspot fóònù náà lè fi ara pamọ́ fún yín. RTL8723BE àti BCM43142 ò mọ 5 GHz, 2.4 GHz nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ lọ sínú ètò hotspot, kí ẹ yan 2.4 GHz. Bó bá jẹ́ WPA3 ni irú ààbò tó wà níbẹ̀, ẹ yí i padà sí WPA2.

Bí gbogbo èyí ò bá mú un, tí ẹ wá fẹ́ ra Wi-Fi USB lóòótọ́, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ ti Wi-Fi USB náà bọ̀ ọ́ níbẹ̀, kí ẹ tẹ lsusb. Bí 148f:7601 bá jáde, MT7601U ni. Driver rẹ̀ ti wà nínú kernel (ọkàn Linux fúnra rẹ̀) látìgbà ẹ̀dà 4.2, kò sí nǹkan tí ẹ máa fi sí i. Ẹ yan èyí tó ní èríálì gígùn lára. Àwọn kékeré tó tó èékánná yẹn, bí ẹ bá gbé wọn wọ yàrá, ẹ tún máa padà sí pálọ̀ ni.