Náírà ni mo yá a, ṣé mo lè gba sẹ́fà ní iye ọdún 2015?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Ààfáà wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, mo yá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní 200,000 náírà. Náírà ni mo kà lé e lọ́wọ́. Bó bá ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, nígbà náà, ó lé ní 600,000. Ó ti wá fẹ́ san 200,000 náírà mi báyìí, èyí tí kò ju nǹkan bí 80,000 sẹ́fà lọ mọ́. Ṣé mo lè ní kó san 600,000 sẹ́fà fún mi ní iye ìgbà yẹn?

Ìdáhùn: Wà àlékúmú sàlámù. Ohun tó ń dùn yín yìí tó ohun tí í dunni. Síbẹ̀, 200,000 náírà ni gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ kò lè fi dandan gba 600,000 sẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú ohun tí èèyàn yá àti iye rẹ̀ ni yóò dá padà. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn tó wà lábẹ́ OIC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Kuwait ní 1988, wọ́n sì fẹnu kò pé iye tí a kà ni a ó san, bí owó náà tilẹ̀ ti já wálẹ̀. Ohun tó gbajúmọ̀ nínú ọ̀nà Imam Maliki, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, náà nìyẹn. Òótọ́ ni pé Abu Yusuf, ọmọ iléèwé Abu Hanifa, wo iye ọjọ́ tí wọ́n yá owó bí owó idẹ bá pàdánù agbára rẹ̀. Èmi kì í fi èyí dá ẹjọ́ lé ẹni tó yáwó lórí, ṣùgbọ́n ó wúlò bí ẹ bá jókòó láti parí ọ̀rọ̀ nítùbí-ìnùbí.

Ẹ wo bí owó méjèèjì ṣe rìn. Wọ́n so sẹ́fà mọ́ owó Faransé: 50 sẹ́fà ni faran kan títí di 12 January 1994, ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ di 100. Ẹni tí wọ́n jẹ ní 100,000 sẹ́fà nígbà náà, 100,000 náà ló gbà, ṣùgbọ́n ohun tó tó 2,000 faran Faransé lálẹ́ àná ti di 1,000. Láti ọdún 1999 tí Yúrò ti gba ipò faran, 655.957 sẹ́fà ni Yúrò kan, kò sì yí padà. Náírà ní tiẹ̀ já lọ́dún 2016, ó sì tún já gan-an láti oṣù kẹfà 2023. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá iye sẹ́fà kan sí náírà lọ́jọ́ kan, ẹ wo iye náírà tó ra Yúrò kan lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi 655.957 pín in. Bí Yúrò bá jẹ́ 1,640 náírà, sẹ́fà kan á jẹ́ náírà méjì àbọ̀.

Bó bá wu ẹ̀yin méjèèjì pé kó fi sẹ́fà san, ó tọ́, àmọ́ iye ọjọ́ ìsanwó ni ẹ ó lò. Abdullahi ọmọ Umar, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé Ànábì, máa ń ta ràkúnmí ní Bàkíì nílùú Mẹ̀dínà ní owó dínárì (owó wúrà), á sì gba dírámù (owó fàdákà). Nígbà tó bi Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó ní kò burú bó bá gbà á ní iye ọjọ́ náà, tí wọn kò sì pínyà kí nǹkan ṣẹ́kù láàárín wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìgbà tí owó kò bá pé. Ká ní 40,000 sẹ́fà ló mú wá, ní iye tí a lò lókè yìí. 100,000 náírà ló san yẹn. 100,000 náírà yòókù ṣì jẹ́ náírà. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé “ó ku 40,000 sẹ́fà”, ẹ ti pààrọ̀ owó sí owó láìgbà á lójú ẹsẹ̀, èlé sì ni Ìsìláàmù ka ìyẹn sí. Lọ́jọ́ tó bá mú ìyókù wá, ẹ tún béèrè iye tuntun. Ẹ bi ẹni méjì tó ń ṣẹ́wó níbi tí ẹ ti fẹ́ ná an, torí iye tó wà ní báǹkì lè má jẹ́ èyí tí ẹ máa rí rà. Bó bá sì jẹ́ orí fóònù ni ó ti fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ má tíì fẹnu kò lórí iye náà títí àlẹ́ẹ̀tì yóò fi wọlé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dá owó náà dúró di ọjọ́ kejì, iye ọjọ́ kejì ni kí ẹ fi ṣe é.

Ọ̀rẹ́ yín náà ní ojúṣe. Ànábì yá ọmọ ràkúnmí, ó sì fi èyí tó dára jù ú lọ san án, ó ní ẹni tó dára jù nínú yín ni ẹni tó sanwó dáadáa jù. Bó bá fi nǹkan lé e láìsí pé ẹ bá a ṣàdéhùn rẹ̀, ẹ gbà á, hàláàlì ni. Bó bá sì jẹ́ pé ó ní owó lọ́wọ́ láti ọdún wọ̀nyí tó ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, àbòsí ló ṣe, ó sì yẹ kí àwọn àgbà pè é kó fi nǹkan tù yín nínú.

Lọ́jọ́ mìíràn tí ẹ bá fẹ́ yá ará Àjàṣẹ́ lówó, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ náírà yín sí sẹ́fà, kí ẹ sì ka sẹ́fà lé e lọ́wọ́. Kí ẹ kọ iye, irú owó àti ọjọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ má kọ pé “200,000 náírà, kó san án ní sẹ́fà ní iye òní”. Gbólóhùn yẹn nìkan tó láti ba ẹ̀yáwó náà jẹ́.