Káàdì fóìlì tó ká: ohun tójú mi rí ní Ìbàdàn

Àbúrò mi ará Iléṣà, mo ka ìbéèrè ẹ, mo sì wo fọ́tò tó o fi sí i. O ní fóìlì mẹ́rin, àwọn káàdì tí ojú wọn ń dán, nínú dẹ́ẹ̀kì rẹ, ìyẹn àkójọ káàdì tó o fi ń ta géèmù Magic, ti ká, ìdíje ku ọ̀sẹ̀ méjì, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá silíìfù, àpò ike tí a ń wọ̀ fún káàdì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú máa bò ó, àti pé tí kò bá bò ó, ṣé adájọ́ lè kọ káàdì mìíràn fún ẹ láti fi rọ́pò.

Kò ní bò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sọ fún un pé kó fi silíìfù méjì wọ̀ ọ́ kó sì máa lọ, ẹ má bínú o, ó jọ pé adájọ́ ò tíì dúró sí yín lórí rí. Silíìfù ń bo àwọ̀, kì í bo ìrísí. Káàdì tó tẹ̀ á tẹ silíìfù rẹ̀ náà.

Ifẹ̀ ni mò ń gbé, lápá Sábó. Oṣù keje ni tèmi ṣẹlẹ̀. Òjò rọ̀ mọ́jú Sátidé, mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, mo wọ ọkọ̀ Ìbàdàn ní Mayfair, mo ń lọ síbi ìdíje. Mo borí ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n bá ta. Ẹnì kejì, mo borí rẹ̀ ní géèmù kìíní, a ń po káàdì fún ìkejì. Mo gbé dẹ́ẹ̀kì mi síwájú rẹ̀ kó gé e, ìyẹn kó pín in sí méjì. Ó gé e, ó gbé e padà. Ó tún gé e, ó wo ibi tó gé, ó wò mí lójú, ó wá nawọ́ sókè pe adájọ́. Mo rò pé ó fẹ́ lọ tọ̀ ni.

Ọmọdékùnrin tó dé ò jókòó. Ó gbé dẹ́ẹ̀kì mi lé tábìlì ní ìdojúbolẹ̀, ó wá ń fi àtàǹpàkò wọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí akápò báńkì tó ń ka owó. Ibì kan là fúnra rẹ̀. Ó gbé èyí tó wà lókè ibẹ̀ kúrò, ó yọ káàdì kan, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìṣí i. Ó tún wọ́ ọ. Ó tún là. Nígbà tó fi máa di mẹ́rin, àwọn ará tábìlì ẹ̀gbẹ́ ti dá tiwọn dúró, wọ́n ń wo tiwa. Ó ní, “Bọ̀dá, kí lẹ rò pé ó wà níbí?” Mo mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Ó wá ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Káàdì kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí mo fi ń parí géèmù gan-an.

Èésì ń fẹ́, òógùn ń bọ̀ lára mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: pé òjò ni, pé ẹ̀gbọ́n mi ló rà wọ́n fún mi, pé èmi tó jẹ́ pé wọ́n mọ̀ mí nílé, ṣé mo jọ ẹni tó ń ṣe màgòmágó? Ó ní òun ò pè mí ní olè. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń kọ̀wé. Ìwé yẹn ló sọ pé mo ti pàdánù géèmù kejì, géèmù tí a ò tíì fà káàdì kan fún. Ó ní kí n lọ wá ẹ̀dà tí kò dán wá. Níbo? Mo bi èèyàn bí i mẹ́fà nínú yàrá yẹn, kò sẹ́ni tó ní in. Òfin wá sọ pé káàdì ilẹ̀ lásán, irú bí i Forest, ni kí n fi rọ́pò. Forest mẹ́rin ni mo kì bọ dẹ́ẹ̀kì mi! Géèmù kẹta, mo ń fa Forest, ẹni yẹn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Títí dòní, tí mo bá rí Forest, inú mi máa ń ru.

Ohun tí wọn ò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, tí mo padà lọ kà fúnra mi: ìkìlọ̀ lásán ni ìjìyà káàdì tó ní àmì, èyí tí èèyàn lè dá mọ̀ láìrí ojú rẹ̀. Ó ń di pípàdánù géèmù nígbà tó bá jẹ́ pé àwọn tó ní àmì bára tan, bí i tèmi tó jẹ́ káàdì kan náà, tí ẹni tó bá kíyè sí i á sì fi rí èrè ńlá. Tó bá jẹ́ pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n máa lé ẹ kúrò nínú ìdíje. Àti pé adájọ́ kékeré ni ọmọdékùnrin yẹn; tó bá ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, o lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pe adájọ́ àgbà. Bóyá adájọ́ àgbà náà ì bá tì í lẹ́yìn, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n kí ló ń ṣe ẹnu rẹ̀ tí kò fi sọ fún mi? Wọ́n há òfin sórí bí ọmọ kéú, àánú ò sí níbẹ̀.

Ojú ọjọ́ wa ló ń fa kíká yẹn. Ẹ̀yìn káàdì jẹ́ páálí, ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Ojú tó ń dán ò mu ún. Nígbà òjò, páálí á wú, tó o bá da ojú káàdì délẹ̀, àárín rẹ̀ á gbé sókè bí afárá. Tí ọyẹ́ bá dé, páálí á sún kì, etí rẹ̀ ni yóò máa gbé sókè bí àwo. Ìdí nìyí tí títẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìwé ńlá kì í fi í pẹ́: o ò tíì lé omi inú rẹ̀, lọ́jọ́ kejì ó ti padà. Kó wọn sínú ike tó dé pinpin, fi àwọn àpò kékeré inú páálí bàtà tuntun sí i, máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Tó bá pẹ́ jù níbẹ̀, òdìkejì ló máa ká sí.

Má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ o. Mo ti ṣe é. Ojú rẹ̀ hó bí àkàrà, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ tí mo fi bò ó.

Tó o bá sì fẹ́ ra ẹ̀dà tí kò dán, ṣọ́ra fún ayédèrú. Ó máa ń nípọn tàbí kó fẹ́lẹ́ ju ti gidi lọ, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n nínú dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn náà á tún di àmì, o ò tíì kúrò níbi tó o wà. Silíìfù náà, ra páálí kan ṣoṣo, má da ti ọjà méjì pọ̀, àwọ̀ wọn kì í bára mu. Po káàdì rẹ pọ̀ kó o tó wọ̀ wọ́n ní silíìfù, kó má lọ jẹ́ pé àwọn silíìfù tó yàtọ̀ díẹ̀ nínú páálí ló máa bọ́ sórí káàdì kan náà. Mú bí i 10 dání sí i.

Ẹn ẹ́n, arọ́pò tó o béèrè. Adájọ́ àgbà nìkan ló lè ṣe é, ìwọ ò gbọdọ̀ kọ ọ́ wá láti ilé. Ó lè ṣe é fún káàdì tó bàjẹ́ nínú ìdíje ọjọ́ yẹn, tàbí fóìlì tí wọn ò tẹ ẹ̀dà tí kò dán rẹ̀ rí. Èyí tó o ya fọ́tò rẹ̀ ní ẹ̀dà tí kò dán, torí náà má gbójú lé e. Lọ wá mẹ́rin báyìí.

Ní báyìí, kó dẹ́ẹ̀kì yẹn fún ẹnì kan nílé tí kò mọ nǹkan kan nípa Magic, ní kó di ojú, kó gé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kọ ohun tó ń bọ́ sí i lọ́wọ́ sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, kí wọ́n tó pín yín sí tábìlì, gbé e lọ bá adájọ́ àgbà kó wò ó.

Mo tún fọ́tò rẹ wò. Silíìfù ẹ̀kẹta lápá òsì, igun rẹ̀ nísàlẹ̀ ti ṣẹ́. Yọ ọ́.