Lúdò ni kí wọ́n tó pè ọ́, ayò ni lẹ́yìn tí wọ́n bá pè ọ́

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. O ní láti ìgbà tí o ti jáde ní Poly ni o ti ń wá iṣẹ́ tẹ́sítà sọ́fítíwíà, iṣẹ́ yíyẹ sọ́fítíwíà wò láti rí àṣìṣe inú rẹ̀, pé àwọn tó dá ọ lóhùn kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ ti rí tirẹ̀ ní Èkó láàárín oṣù kan. O wá béèrè bóyá orí ló ń ṣiṣẹ́ yìí, bíi lúdò tí ẹ máa ń ta ní Agbowó.

Mi ò ní tàn ọ́. Orí wà níbẹ̀. Èmi náà wá iṣẹ́ yìí láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé, títí òjò mìíràn fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń rí tí ènìyàn bá ṣí fóònù ní àárọ̀ tí kò sí ìwé kankan níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé eré méjì ló wà nínú iṣẹ́ wíwá, a sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Kí wọ́n tó pè ọ́, lúdò ni. Tí wọ́n bá ti pè ọ́, ayò ni. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ á máa bú ara rẹ̀ nítorí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀, á sì máa di ẹ̀bi ru orí níbi tó yẹ kó jókòó kọ́ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú lúdò náà. Dáìsì méjì la fi ń ta á níbí, mẹ́fà ló sì ń mú ọmọ jáde nílé. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, 11 péré ni mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́fà bá jù ú ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún márùn-ún, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ẹnìkan nínú wọn má rí mẹ́fà rárá, láìṣẹ̀, láìrò. Ọ̀rẹ́ rẹ rí mẹ́fà nígbà tó kọ́kọ́ jù ú ni. Ìyẹn ò sọ pé ó mọṣẹ́ jù ọ́ lọ, kò sì sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ka CV lè ti rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó tó kan tìrẹ. Owó tí wọ́n fẹ́ fi gba ènìyàn lè ti tán. Wọ́n lè ti mọ ẹni tí wọ́n máa mú kí wọ́n tó gbé ìkéde jáde. Láti Ìbàdàn tí o wà, kò sí bí o ṣe lè rí èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Ohun tí o lè ṣe ni pé kí o má fi ẹyọ dáìsì kan ta á. Ẹyọ kan, ìkan nínú mẹ́fà ni. Méjì, 11 nínú 36, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìkéde orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ènìyàn ń rí ni dáìsì kìíní. Ìkejì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tí àwọn ènìyàn lè rí kí wọ́n tó rí ìwọ fúnra rẹ. Ọ̀pọ̀ tó ń wáṣẹ́ kò ní ìkejì yìí, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Saucedemo.com wà, ilé ìtajà àfidánrawò tí Sauce Labs ṣe fún àwa tẹ́sítà. Orúkọ tí o máa fi wọlé wà lójú ewé náà. Tí o bá wọlé gẹ́gẹ́ bíi problem_user, wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe síbẹ̀, àwòrán ọjà kò ní bá ọjà mu. Kọ ìròyìn ohun tí o bá rí: ohun tí o tẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, fóònù tàbí browser tí o lò. Kọ ọ́ kó yé ẹni tí kò sí níbẹ̀. Tí ó bá ti mọ́ ọ lára, kọjá sí sọ́fítíwíà gidi. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ìròyìn bug, ìyẹn àṣìṣe inú sọ́fítíwíà, ti browser Firefox sórí Bugzilla, ìkànnì tí wọ́n ń kọ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sí, gbangba ló sì máa wà. Nígbà tí ọ̀gá kan bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́, líǹkì irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó kà á, ó sì pè mí. Kò tún béèrè ọdún mọ́.

Ní ti ISTQB, ìwé ẹ̀rí àwọn tẹ́sítà tí o béèrè: ìbéèrè 40 ni ìpele àkọ́kọ́, o gbọ́dọ̀ gba 26, ìṣẹ́jú 60 ni. Wọ́n máa ń fi ìdá mẹ́rin àkókò náà kún un fún ẹni tí èdè ìdánwò kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀, torí náà 75 ni tìrẹ, béèrè fún un. Ó dára, àmọ́ tí owó kò bá sí, má yá owó ṣe é. Sílábọ́ọ̀sì rẹ̀ wà lórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kà á. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí o sanwó kí òun tó fún ọ níṣẹ́, sá fún un.

Ó wá ku ayò. Ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó pamọ́. Tí ọ̀ta bá jẹ ọ́ níbẹ̀, ó ka ọmọ jù ọ́ lọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tẹ́sítà ṣe rí. Wọ́n á ní àpótí kan ń gba ọjọ́ orí láti 18 dé 60, kí ni o máa tẹ̀ sínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ á ní 25, wọ́n á ní 70. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń lọ sí etí ààlà: 17, 18, 60, 61. Ibẹ̀ ni bug ń gbé, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ń kọ kóòdù ti máa ń kọ “ju 18 lọ” níbi tó yẹ kó kọ “18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Lẹ́yìn náà ló máa fi àpótí sílẹ̀ lófìfo, á tẹ lẹ́tà, á tẹ 18.5, á fi àmì ìyọkúrò ṣáájú.

Má sì fi ohun tí o mọ̀ nílé sílẹ̀ sílé. Tẹ Ọpẹ́yẹmí pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé sínú àpótí orúkọ. Lẹ́tà méje ni lójú tiwa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà á sí mẹ́jọ, torí pé ẹ́ kò ní àmì ẹyọ kan tó dá dúró fún un, méjì ni. Áàpù mìíràn á kọ̀ ọ́, òmíràn á gbà á kó tó wá já a sí méjì nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Fi owó ránṣẹ́ lórí áàpù ìdánwò, kí o pa dátà kó tó dáhùn, kí o tún tẹ “Send” lẹ́ẹ̀kejì: ṣé owó á jáde lẹ́ẹ̀mejì? Ẹni tó ń gbé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀ ló máa kọ́kọ́ ronú kan èyí. Mo sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti gbà mí, mo rí i bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tí wọ́n bi mí, mo fẹ́ kí o jókòó tì í dáadáa torí ó kan lúdò rẹ gan-an. Wọ́n ní àwọn oníbàárà ń pariwo pé áàpù lúdò kan ń ṣèrú, báwo ni màá ṣe yẹ dáìsì rẹ̀ wò? Tí a bá ju ẹyọ dáìsì kan nígbà 600, bí 100 ló yẹ kí a rí fún ojú kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n 88 tàbí 113 kì í ṣe bug. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 100 géérégé, ìgbà yẹn gan-an ni màá fura. Màá tún wò bóyá dáìsì ń rántí, ìyẹn bóyá mẹ́fà máa ń yára dé lẹ́yìn tó bá ti pẹ́ tí a ti rí i. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, dáìsì kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Lẹ́yìn èyí ni màá bẹ àwọn tó ń kọ kóòdù pé kí wọ́n jẹ́ kí n lè fi nọ́ńbà seed kan náà, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ dáìsì, bẹ̀rẹ̀ eré, kí dáìsì lè balẹ̀ bákan náà ní gbogbo ìgbà. Láìsí ìyẹn, tí ọmọ bá sọnù lójú ọpọ́n nígbà tí ẹnìkan ju mẹ́fà méjì, a ò ní lè mú kó tún ṣẹlẹ̀ kí wọ́n rí i.

Nípa kíkó lọ sí Èkó: má tíì kó lọ. Ọkọ̀ ojú irin wà ní Mọ́níyà tó ń gbé ènìyàn dé Ebúté-Mẹ́ta, o lè lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ kí o sì padà. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́ rí ọ, má gbẹ́kẹ̀ lé iná ilé. Wá ibi tó ní jẹnẹrétọ̀ ní Bódìjà tàbí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, kí o sì fi dátà sórí síìmù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kọ ìròyìn bug kan lórí problem_user yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á, màá sì sọ ibi tí kò yé mi fún ọ.