Kí ló ń mú kí ìbora WC-12Co (hóró tungsten carbide, ìyẹn WC, tí kóbáltì 12% so pọ̀) tí wọ́n fi iná fọ́n sára ọ̀pá pọ́ńpù wa ní Kàdúná máa bó?

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ti bó. Bó bá jẹ́ irin ìsàlẹ̀ ló yọ síta, wọn ò fi gírítì (hóró líle tó mú, tí wọ́n ń fẹ́ lu irin) ha á dáadáa kí wọ́n tó fọ́n ọn. Bó bá jẹ́ inú ìbora gan-an ló ti là, ẹ fura sí iná tó gbóná jù: kábọ́ọ̀nù inú WC á jó, WC á di W2C (tungsten carbide tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti dín kù), kóbáltì 12% tó di hóró mú bíi sìmẹ́ńtì á sì gan. Fífi plasma (gáàsì tí iná mànàmáná mú gbóná gan-an) fọ́n ọn nínú afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń fà á. HVOF (fífi iná epo àti ọ́síjìn tó ń yára gan-an fọ́n ọn) sàn jù ú lọ dáadáa, ihò rẹ̀ kì í sábà ju 2% lọ. Tẹ́ ẹ bá gé e wò, dáyámọ́ńdì ni kẹ́ ẹ fi dán an, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o! Ìwàdùwàdù máa ń fa hóró tu, ẹ ó rò pé ihò ni.