Nǹkan oṣù mi máa ń yí láàrin ọjọ́ 26 sí 31: ọjọ́ wo ni mo lè lóyún? (Ìbéèrè láti Ṣágámù)

Láti ọjọ́ kẹjọ títí dé ogúnjọ́ ni, bí ẹ bá ka ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ sí ọjọ́ kìíní. Ẹ yọ 18 kúrò nínú èyí tó kúrú jù (26), ó ku 8. Ẹ yọ 11 kúrò nínú èyí tó gùn jù (31), ó ku 20. Ó kéré tán, ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ ti oṣù mẹ́fà sílẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti sábà ń wọlé ni kíkà fúnra rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ọjọ́ ọjà òní àti èyí tó ń bọ̀ la máa ń kà pọ̀ kí ó tó pé ọrún. Ẹ má ka nǹkan oṣù bẹ́ẹ̀: ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀jẹ̀ tuntun ni kí ẹ parí rẹ̀ sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan yóò lé.

Ẹyin obìnrin sábà máa ń já ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀, kì í sì í lò ju wákàtí 24 lọ. Àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún. Ìdí nìyí tí àwọn ọjọ́ tó ṣáájú fi wà nínú ìṣirò. Bí omi ojú ara bá ń fà bíi funfun ẹyin tútù, àkókò ti tó.

Ìṣirò yìí kò ṣeé gbára lé fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá oògùn ìfètòsọ́mọbíbí dúró, tàbí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège.